Ta ni ó lè pe ara rẹ̀ ní “famished”, níwájú ta sì ni?

Akọ̀wé-Kékeré béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó ń rú mi lójú, mo sì gbà pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dunjú kò ní wọ́n láàárín wa. Ọ̀rọ̀ náà ni “famished”. Ìwé atúmọ̀ èdè tí mo ṣí sọ pé ẹni tí ebi ń pa gidigidi là ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì to “starving” àti “ravenous” tì í bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àlàyé yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé àwọn ibi tí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ náà pàdé kò jọra rárá. Nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ó jẹun láàárọ̀, tí ó sì mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán ti wà lórí iná, ni ó máa ń wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín pé “I'm famished”. Nínú ìròyìn, àwọn tí ogun lé kúrò nílé, tí wọn kò rí nǹkan fi sẹ́nu fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, ni wọ́n ń pè ní “famished”. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè gba àwọn méjèèjì yẹn láìya?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń kọ́ lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ sọ àwàdà ẹni ẹlẹ́ni di ọ̀fọ̀, tàbí kí n sọ ọ̀fọ̀ di àwàdà. Ẹnì kan tún kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ kọ “very famished”, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Atúmọ̀-Ọ̀rọ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ti “very” kúrò nílẹ̀ ná, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù. “Hungry” ni ọ̀rọ̀ tí a lè wọ̀n: ebi lè pa ènìyàn díẹ̀, ó lè pa á púpọ̀, ó sì lè pa èmi ju ẹ̀yin lọ, ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba “a little hungry”, “very hungry” àti “hungrier”. “Famished” kò ṣeé wọ̀n bẹ́ẹ̀, nítorí pé “púpọ̀” ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde. Bí “freezing” ti rí sí “cold”, tí “exhausted” sì rí sí “tired”, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “famished” rí sí “hungry”. Bí àwọn elédè bá fẹ́ fi agbára kún un, “absolutely famished” tàbí “simply famished” ni wọ́n máa ń sọ. Bí ẹ bá sọ “very famished”, ọ̀rọ̀ yín yóò yé ènìyàn, ọlọ́pàá kò sì ní mú yín, ṣùgbọ́n lórí ìwé ó máa ń hàn pé àlejò ni ẹni tí ó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ gan-an wà nínú orírun rẹ̀. Láti inú “fames” ti èdè Látìnì, tí í ṣe ebi, ni “famished” ti wá; ó gba ẹnu àwọn Faransé kọjá kí ó tó wọ Gẹ̀ẹ́sì, inú ìdílé yẹn náà sì ni “famine”, tí àwa ń pè ní ìyàn, ti jáde. Látijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ni “famish”, tí ó túmọ̀ sí kí ebi mú ènìyàn débi ikú, tàbí kí a fi ebi mú un débẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ Bíbélì Ọba Jémíìsì jáde ní ọdún 1611, “famished” ni wọ́n lò fún ilẹ̀ Íjíbítì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 41, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń ké tọ Fáráò lọ nítorí oúnjẹ. Kò sí ẹ̀rín kankan nínú ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu àwọn ènìyàn, tí ó fi jẹ́ pé lónìí ẹ kò lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ “I famish” tàbí “he famishes” lójú pópó. “Famished” nìkan ni ó kù láyé nínú gbogbo ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, èrò tèmi sì ni pé nítorí tí kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí yóò máa rán ènìyàn létí ìwà rẹ̀ àtijọ́ ni ó ṣe rọrùn láti fi ṣeré.

Ìtàn “starve” tilẹ̀ tún ṣe ẹlẹ́gẹ́ ju ìyẹn lọ. Gẹ̀ẹ́sì àbáláyé ni, “steorfan” ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni kí ènìyàn kú. Kò sí ọ̀rọ̀ ebi nínú rẹ̀ rárá. Ìbáà ṣe àìsàn, ìbáà ṣe idà, ẹni tí ó bá ti kú ti “steorfan” nìyẹn. Àwọn ará Jámánì ṣì ń lo “sterben” fún kíkú títí dòní, àwọn ará Netherlands sì ń lo “sterven” bákan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtumọ̀ náà ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró sórí ikú ebi, àyàfi ní apá àríwá ibẹ̀, níbi tí ẹ ti lè gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà pé “I'm starved” kí ó sì jẹ́ pé òtútù ni ó ń mú wọn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ikú ni méjèèjì látilẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi ń kéde oúnjẹ ọ̀sán lónìí. Kí èyí má ya ẹ̀yin ọmọ Yorùbá lẹ́nu o. Àwa tí a máa ń sọ pé “ebi ń pa mí kú lọ”, kí oúnjẹ tó jinná la ti máa ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí í sáré lọ pe àwọn ẹbí jọ nítorí rẹ̀.

Olùkọ́-Fẹ̀yìntì dáhùn pé:

Atúmọ̀ ti sọ̀rọ̀ tán, n ó kàn fi ti ẹnu kún un. Sílébù méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní, kì í ṣe mẹ́ta. Ẹ má ṣe pe “-ed” rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ìró “t” ni ó fi ń parí, bíi ti “finished” àti “washed”.

Ẹ tún kíyè sí ìrísí rẹ̀. A ń sọ pé “I'm starving” nítorí pé “starve” ṣì wà láàyè, ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ sì ni à ń ròyìn. A kì í sọ pé “I'm famishing” mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àtijọ́ ní in. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ “I'm starved” níbi tí ará Ìlú Ọba yóò ti sọ “I'm starving”, kò sì sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì. Èyí tí ó burú ni èyí tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún fi gègé pupa yí ká nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́: “Hunger is catching me.” Nínú èdè wa, ebi ni olùṣe, ènìyàn ni ó ń jìyà rẹ̀, ebi ni ó ń pa wá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó máa ń wà níwájú gbólóhùn, ebi á sì di àpèjúwe tí a fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tí kò bá rántí láti yí wọn padà yóò máa sọ Yorùbá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Nọ́ọ̀sì-Alẹ́ dáhùn pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè, ẹ gbà mí láàyè kí n ta kò yín díẹ̀. Ẹ ti sọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, ẹ sì ti sọ ibi tí ó ti wá, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ tèmi “starving” kì í ṣe eré, kì í sì í ṣe ìyàn náà. Ohun kẹta ni. Bí a bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn, kò gbọdọ̀ jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú, omi pàápàá kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ bí ó bá ti ku wákàtí 2, kí ohun inú ikùn má baà gba ọ̀nà ọ̀fun padà wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí oorun abẹ bá gbé e lọ. Ohun tí a sì máa ń kọ sínú fáìlì ni “starved from midnight”. Mo rántí ọmọ aláìsàn kan tí ó rí gbólóhùn yẹn lórí bébà tí ó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́ kan náà, ó sì yíjú sí mi pé: “Ta ni ó fi ebi pa ìyá mi?” Ìyá náà fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣàlàyé títí kí ó tó fara balẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí pé bí a ti kọ ọ́ gan-an ni ó ṣe kà á.

Ní ti ara ènìyàn, ebi àti “starvation” kì í ṣe ohun kan náà, ẹ kò sì gbọdọ̀ rò pé ọ̀kan kàn pọ̀ ju èkejì lọ ni. Ebi jẹ́ ohun tí à ń mọ̀ lára: ikùn á máa kùn, ara á máa wá oúnjẹ, bí a bá sì jẹun, ó parí. “Starvation” jẹ́ ipò tí ara wọ̀ nígbà tí oúnjẹ kò bá wọlé mọ́. Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú pamọ́ máa ń tán láàárín bí ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni ara yóò kọjú sí ọ̀rá, tí yóò máa sọ ọ́ di ohun tí ọpọlọ pàápàá lè máa fi ṣe agbára. Bí ó bá sì pẹ́, iṣan ni yóò kù tí yóò máa jẹ, iṣan ọkàn kò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀, ẹ kò lè kàn gbé oúnjẹ ńlá kalẹ̀ fún un kí ẹ sì máa dúpẹ́. Bí oúnjẹ bá tètè pọ̀ jù lára rẹ̀, èròjà fọ́sífétì inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè ti ibẹ̀ kú. Ẹni tí oúnjẹ lè pa, ṣé ẹ wá rí i pé òun àti ẹni tí ó ń dúró de oúnjẹ ọ̀sán kò sí nínú gbólóhùn kan náà?

Ní ọdún 1944 àti 1945, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn, ó sì dín oúnjẹ wọn kù gan-an fún oṣù mẹ́fà láti mọ bí a óò ṣe tọ́jú àwọn tí ebi ogun ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹun o. Síbẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ara wọn ni ó jò dànù, wọn kò lè ronú nípa ohun mìíràn mọ́ bí kò ṣe oúnjẹ, àwọn kan nínú wọn sì sọ ìwé ìdáná di ohun tí wọ́n ń kà kiri. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣẹ, pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣé ẹni tí ó bá mọ èyí lè máa gbọ́ “I'm starving” kí ara rẹ̀ má bù máṣọ? Èmi kì í sọ ọ́.

Akọ̀ròyìn-Àná dáhùn pé:

Mo fara mọ́ Nọ́ọ̀sì dé ààyè kan, ṣùgbọ́n ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ọmọ aláìsàn yẹn béèrè. Kò béèrè pé “ṣé ebi ń pa ìyá mi?” Ó béèrè ẹni tí ó fi ebi pa á. Ọmọ yẹn ti sọ ìyàtọ̀ tí ẹ̀yin atúmọ̀ ń wá kiri.

“Famished” kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ bí ẹni náà ti rí, bí ẹni pé ebi já lulẹ̀ láti ojú ọ̀run ni. “Starve” ní tirẹ̀ lè ní olùṣe: “they starved the city” túmọ̀ sí pé àwọn kan mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ebi pa ìlú náà. Yorùbá ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. “Ebi pa wọ́n” jẹ́ ọ̀kan. “Wọ́n fi ebi pa wọ́n” jẹ́ òmíràn, ẹjọ́ sì wà nínú ìkejì. Òfin àgbáyé gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi kún àwọn Àdéhùn Geneva ní ọdún 1977 kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa àwọn ará ìlú láti fi jagun, “starvation” sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀. Ní ọdún 2018, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún fi ìpinnu 2417 tẹnu mọ́ ọn. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi “famished” ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, kò sì lè sí, nítorí pé kò ní ọwọ́ tí a lè dì mú.

Ó dùn mọ́ mi pé “starvation” fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin. Gbòǹgbò Gẹ̀ẹ́sì àbáláyé ni, ìrù Látìnì ni wọ́n so mọ́ ọn, irú ìsopọ̀ tí ó máa ń bí àwọn onígírámà nínú. Ní ọdún 1775, Henry Dundas lò ó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba nígbà tí wọ́n ń jíròrò òfin tí yóò fi ìyà jẹ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣọ̀tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé “Starvation Dundas” ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ wá ń pè é.

Ní ti “famine”, ẹ má rò pé ẹnu ni a fi ń kéde rẹ̀ nínú ìròyìn. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn àjọ tí ó ń rí sí oúnjẹ ń lò, IPC ni wọ́n ń pè é, ó sì ní ìpele 5. Kí wọ́n tó lè pe ibì kan ní ibi tí ìyàn ti mú, ó kéré tán ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbo ilé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àìní oúnjẹ tí ó kọjá ààlà, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọdé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti rù hangogo, kí ènìyàn 2 nínú 10,000 sì máa kú lójúmọ́. Wọ́n kéde rẹ̀ ní Sòmálíà ní ọdún 2011 àti ní Gúúsù Sudan ní ọdún 2017. Nítorí náà, akọ̀ròyìn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré lo “famine”, ṣùgbọ́n ó lè kọ “famished” láìbẹ̀rù, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fi ìwọ̀n sí i. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wúlò fún wa: ó wúwo létí òǹkàwé, kò sì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo máa ń ronú nígbà mìíràn pé ó rọrùn jù fún wa.

Ẹ wo àwọn ará Ireland. Ìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1845, tí ó tó bí ọdún méje kí ó tó tán, pa bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ń gba etíkun wọn jáde lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún yẹn kan náà. Àwọn kan nínú wọn kò fẹ́ gbọ́ “famine” títí dòní. “An Gorta Mór”, ebi ńlá, ni wọ́n ń pè é nínú èdè tiwọn.

Akọ̀wé-Kékeré tún sọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ojú mi ti là sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ padà sí orí tábìlì mi. Bí mo bá rí “I'm famished, what's for lunch?” àti “The famished refugees crossed the border at night”, ṣé gbólóhùn Yorùbá kan náà ni n ó fi gbé méjèèjì? Kí sì ni kí n ṣe sí “ravenous”? Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé, gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ti wí, kò yẹ kí ènìyàn sọ “I'm starving” rárá.

Atúmọ̀-Ọ̀rọ̀ dáhùn pé:

Rárá o, ẹ má ṣe fi gbólóhùn kan náà gbé wọn. Fún ti àkọ́kọ́, “Ebi ń pa mí kú lọ, kí la fẹ́ jẹ?” ti tó, ẹ̀rín inú rẹ̀ kò sì sọnù, nítorí pé bí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò jìnnà ṣe máa ń ṣe àsọdùn nìyẹn. Fún ìkejì, ẹ kò lè kọ “àwọn tí ebi ń pa kú lọ”, òǹkàwé yóò rò pé ẹ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. N ó kọ ọ́ báyìí: “Òru ni àwọn tí ogun lé nílé kọjá ẹnu ààlà, wọ́n ti fojú winá ebi.” Ẹ wò ó pé n kò wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò dúró fún “famished”, mo ya ebi sọ́tọ̀, mo sì fi í sí ìparí gbólóhùn níbi tí ó ti máa wúwo.

“Ravenous” kò bá àwọn méjì tí ó ṣáájú tan. Láti inú ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ fún fífi ipá já nǹkan gbà ni ó ti wá, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní “raven”, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Ìwà àti ìṣe ni ó ń ròyìn: ẹranko tí ó ń ja ẹran, ènìyàn tí ó ń gbé òkèlè mì láìrún un. “He ate ravenously” lè di “ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.” Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ “wọ̀bìà”. Ẹni tí ó “ravenous” lónìí lè jẹ́ ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yòókù, ṣùgbọ́n wọ̀bìà ni wọ̀bìà, ìbáà yó, ìbáà má yó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni “peckish” ti àwọn ará Ìlú Ọba wà, ìyẹn nígbà tí ó bá kàn ń ṣe ènìyàn bíi kí ó fi nǹkan panu.

“Starve” tún ní ìrìn kan tí “famished” kì í sábà bá a rìn. Wọ́n ń sọ pé ọmọ kan “starved of affection”, pé ọpọlọ “starved of oxygen”. Ebi kọ́ nìyẹn. Ohun tí a fi du ènìyàn ni. Nítorí náà, “wọ́n fi ìfẹ́ du ọmọ náà” ni kí ẹ kọ, kì í ṣe pé ebi ìfẹ́ ń pa á. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ Akọ̀ròyìn fìdí múlẹ̀ níbí pẹ̀lú, nítorí pé “du” ní láti ní ẹni tí ó fi du ni.

Ní ti ohun tí Nọ́ọ̀sì wí, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò lè bá a gbà pé kí a pa ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mọ́ gbogbo ènìyàn. Àsọdùn kì í ṣe irọ́ bí olùgbọ́ bá ti mọ̀ pé àsọdùn ni. Láàárín ẹbí àti ọ̀rẹ́, “I'm starving” àti “I'm famished” kò lẹ́ṣẹ̀, “famished” tilẹ̀ fi díẹ̀ ní ẹ̀yẹ ju èkejì lọ, ó dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kàwé. Nínú lẹ́tà iṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ kọ “hungry”, tàbí kí ẹ sọ ní pàtó ohun tí ó ṣẹlẹ̀: pé àwọn ọmọ náà kò jẹun láti àná. Ìyẹn lágbára ju àpèjúwekápèjúwe lọ. Níwájú ẹni tí kò mọ ibi tí oúnjẹ rẹ̀ yóò ti wá, ẹnu ni kí ẹ kó ní ìjánu, nítorí pé ẹni yẹn kò ní ìdí láti gbọ́ ọ bí àsọdùn.

Olùkọ́-Fẹ̀yìntì tún sọ pé:

Àwọn ọmọ ìwòyí ti ní tiwọn o. “Hangry” ni wọ́n ń sọ, wọ́n da “hungry” àti “angry” pọ̀ fún ẹni tí ebi ti sọ di oníbìínú. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni, àfi bí ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford ṣe gbà á wọlé ní ọdún 2018. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí ó bá mu.

Nọ́ọ̀sì-Alẹ́ tún sọ pé:

Ó dára, Atúmọ̀, mo gbà pé kí àwọn ọ̀rẹ́ máa bá ara wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lórí fáìlì aláìsàn, mi ò yí ohùn padà. “Fasted from midnight” ni èmi ń kọ báyìí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kò jẹun, kì í ṣe pé ẹnì kan fi ebi pa á. Àwọn dókítà àgbà ṣì ń fi ẹnu sọ “starved”, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ aláìsàn tí ó ń ka ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu.